ORLANDO MARTINS: ỌMỌ ÈKÓ NÍNÚ SINIMÁ ÒYÌNBÓ

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó gbé orúkọ Nàìjíríà dé ìdálẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn dókítà, àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olóṣèlú ni ó máa ń ṣáájú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ ti hàn nínú ilé sinimá káàkiri ayé kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960, tí ó jẹ́ pé lónìí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Èkó gan-an, níbi tí a gbé bí i, kò lè sọ ohun kan nípa rẹ̀. Orlando Martins ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọlá orílẹ̀-èdè yìí bá jẹ lógún. Ẹ̀kọ́ náà kò sì rọrùn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni a bí i ní Èkó. Orúkọ Martins jẹ́ irú orúkọ tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti òkè òkun wá sí ìlú náà. Ó lọ sí ilé-ìwé Eko Boys' High School, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà lọ́wọ́, ó gba ojú òkun lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tí ogun parí, ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àjò kò dùn kí onílé má rèlé, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni Martins lò kí ó tó padà wá jókòó sí ilé. Kò sí iṣẹ́ tí kò fi ọwọ́ kàn láti jẹun. Ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate. Ó ṣe alágbàṣe nínú ilé ìdáná. Ó ṣọ́ ilé ní òru. Ó fi ejò ṣeré fún àwọn òǹwòran nínú ẹgbẹ́ Sanger tí ó ń fi ẹranko dárà kiri. Ó sì ja ìjàkadì fún owó, tí a ń pè é ní Black Butcher Johnson. Ní ọdún 1920, ó bá ẹgbẹ́ oníjó Diaghilev, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù, dé orí ìtàgé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti dúró kún ojú ìtàgé lásán ni. Lẹ́yìn náà ó di akọrin nínú eré Show Boat, ó sì wọ inú sinimá ní ìgbà tí àwòrán kò tíì máa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin gíga ni, tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ eré tí ó gbà á. Ojú iṣẹ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1935 ni sinimá Sanders of the River jáde. Paul Robeson, olórin dúdú láti Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Bosambo nínú rẹ̀. Jomo Kenyatta, ẹni tí ó di olórí Kenya lẹ́yìn náà, wà láàrin èrò inú rẹ̀. Martins pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Eré náà yin ìjọba amúnisìn: ó fi òyìnbó kan hàn bí baba tí kò gbọdọ̀ kúrò nílé, ó sì fi àwọn ará ilẹ̀ wa hàn bí ọmọdé tí yóò máa pa ara wọn bí baba náà bá yí ẹ̀yìn padà. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dá Martins lẹ́jọ́ lórí èyí ní láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, C. L. R. James, ọmọ Trinidad, gbé eré kan kalẹ̀ ní Westminster Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù nípa Toussaint L'Ouverture àti bí àwọn ẹrú Haiti ti já ìdè ara wọn. Robeson ni ó ṣe Toussaint. Martins ni ó ṣe Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ pe àwọn ẹrú sí ogun. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a ṣe eré náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sí ọkàn. Eré tí ó tàbùkù wa káàkiri ayé. Eré tí ó gbé wa ga kò lò ju ìgbà méjì lọ. Òṣèré kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Kì í ṣe òun ni ó yan èyí tí owó yóò gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná nígbà tí àwọn òyìnbó ń múra láti ṣe Men of Two Worlds, tí ó jáde ní ọdún 1946. Martins ṣe Magole nínú rẹ̀, adáhunṣe tí ó lòdì sí bí ìjọba ṣe fẹ́ kó àwọn ará abúlé kúrò níbi tí eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun wà. Ẹgbẹ́ WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, fi ẹ̀hónú hàn pé eré náà tẹ́ńbẹ́lú Áfíríkà. A gbà pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀hónú wọn. Síbẹ̀, àwọn tí ó wo Magole rí ọkùnrin kan tí ọlá wà ní ojú rẹ̀, tí agbára wà nínú ohùn rẹ̀. Ìwé eré ní kí ó jẹ́ ẹni ìkórìíra. Martins sọ ọ́ di ènìyàn.

Níbi tí a rò pé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ga jù ni The Hasty Heart. Ó kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ó sì tún ṣe é nínú sinimá ní ọdún 1949, pẹ̀lú Richard Todd, Patricia Neal, àti Ronald Reagan tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Burma ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Blossom ni Martins, tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ogun Scotland kan tí ikú ti sún mọ́ bínú sí gbogbo ènìyàn nígbà tí ó mọ̀ pé àánú ni ó mú wọn bá òun ṣọ̀rẹ́. Blossom fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó sì kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó yé e pé Blossom kò lè mọ̀ pé òun ń kú lọ, nítorí kò gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Ìfẹ́ tirẹ̀ kò ní àbùlà. Ẹni tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ sọ ni ó gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ṣé òṣèré kékeré lè ṣe èyí?

Ní àkókò kan náà, Hubert Ògúndé ń dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ilé, ó ń fi èdè wa kọ eré tirẹ̀, ìjọba òyìnbó sì ń bínú sí i. Ọ̀nà Ògúndé yàtọ̀ sí ti Martins, a kò sì ní fi ọ̀kan gbá èkejì lójú. Ẹni tí ó wà nílé ní ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ń ṣeré ní àgbàlá onílé.

Martins padà sí Èkó ní ọdún 1959, kò sì fi eré sílẹ̀. Ó wà nínú The Nun's Story ní ọdún yẹn, àti nínú Sammy Going South ní 1963. Nígbà tí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣeré nínú Kongi's Harvest, èyí tí Francis Ọládélé gbé jáde ní 1970 láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ará Amẹ́ríkà, Ossie Davis, ni ó darí rẹ̀, inú Ṣóyínká kò sì dùn sí bí ó ti rí nígbà tí ó parí. Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó gbé e jáde, orí ilẹ̀ wa ni a sì ti ṣe é. Ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa wa gbé ayé títí ó fi kópa nínú ìtàn tí àwa fúnra wa sọ.

Ó kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní ẹni ọdún 85.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a gbé ọ̀rọ̀ náà wá. A kò ní kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé gbogbo sinimá tí Martins ṣe ni ó dára. Ẹ fi èyí tí kò dára hàn wọ́n pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ojú tí àwọn amúnisìn fi wò wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọkùnrin tí ó dúró ní àárín rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó ti gbé orí rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí òyìnbó bá gbàgbé rẹ̀, kò ṣe ohun ìyanu. Bí àwa bá gbàgbé rẹ̀, àwa ni a ó jẹ gbèsè náà.