I. B. Thomas: Olóòtú Tó Mú Kí Èkó Máa Dúró De Lẹ́tà

  Ṣé ẹ rántí bí eré orí rédíò ṣe máa ń parí síbi tó dùn jù, tí gbogbo dọ́mítìrì á sì máa jiyàn títí ọ̀sẹ̀ mìíràn fi pé? Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí mọ àṣírí ìdúró yẹn. Ó ti lò ó fún àwọn ará Èkó kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Isaac B. Thomas lorúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà wa, inú yín á dùn láti gbọ́ pé ẹgbẹ́ yín ni. Tíṣà ni Thomas kó tó di oníwèé ìròyìn. Àsìkò tó sì bọ́ sídìí iṣẹ́ náà jẹ́ àsìkò tí nǹkan gbóná. Lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn Henry Townsend ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859, ti kógbá sílé ní 1867, ó pẹ́ kí ìwé ìròyìn èdè Yorùbá tó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àfi nígbà tó di bíi 1922 tí wọ́n ń yọ bí olú. Adéoyè Dẹ́nigà gbé Èkó Àkéte jáde, E. A. Akíntán mú Elétí Ọfẹ tẹ̀ lé e ní 1923, D. A. Ọbasá sì dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Ọdún 1923 yẹn náà ni Èkó kọ́kọ́ dìbò yan àwọn aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí Herbert Macaulay àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí tún gba ìlú kan, ọba tí ìjọba lé kúrò nílùú ní 1925 tí kò padà wálé títí di 1931. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń jiyàn. Inú ariwo yìí ni Thomas ti gbé Akéde Èkó tirẹ̀ kalẹ̀, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó ń sọ Yorùbá tó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin àgbà kan ló ní òun kọ ọ́. Ó ní àìsàn ti dé òun mọ́lẹ̀, ẹwà ti lọ, owó ti tán, òun sì fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ òun fún olóòtú kí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pe ara rẹ̀, ó ní kì í ṣe orúkọ òun gan-an, nítorí ìtìjú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mìíràn dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 1930.

Ọgbọ́n Thomas wà nínú ohun kéékèèké. Obìnrin yìí kò kàn ń sunkún lásán. Á dárúkọ àdúgbò tí olùkàwé gbà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Á ránni létí orin tó gbòde nígbà tí òun wà lọ́mọge, kí àwọn àgbà lè máa mi orí. Á pa òwe, á fa Bíbélì yọ, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì tún bú sẹ́kún. Bí ibi tó dùn bá sì dé, á ní ara òun kò le mọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn ṣe? Àfi kó ra ìwé ìròyìn mìíràn.

Ìlú gbà á gbọ́ o. Àwọn olùkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú: àwọn kan ń káàánú ìyá náà, àwọn mìíràn ń wádìí ẹni tó jẹ́. Kódà, ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ láti ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí Ṣẹ̀gilọlá níbì kan. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní Ẹ̀kọ́ Bíbélì á bi mí pé, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Mo ti ro ó títí. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ yẹn, ó yẹ kó mọ òtítọ́, n ò ní gbèjà Thomas níbẹ̀. N ò sì fẹ́ gbàgbé pé ọkùnrin ló fi ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo sẹ́nu obìnrin, tó sì fi ìyà jẹ ẹ́ dópin ìtàn, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó bá a ṣe é kàn gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìyẹn tán, ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà. Nàìjíríà tí wọ́n so pọ̀ ní 1914 kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fi ń gbéra ga. Thomas wá gbé èdè tí ìyá alákàrà ń sọ àti orin ojú pópó, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ó sì fi hàn pé ó tó ohun tí èèyàn ń kà. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹlòmíràn lè kà á sí i létí. Onílé ọlá àti akọ̀wé kékeré dúró de lẹ́tà kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n jiyàn lórí obìnrin kan náà. Lójú tèmi, irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ èrò ọjà di ọmọ ìlú.

Kí ọdún 1930 tó parí, wọ́n ti kó àwọn lẹ́tà náà pọ̀ di ìwé. Akíntán náà kò gbẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn alápá púpọ̀ tirẹ̀ nínú Elétí Ọfẹ. Nílé ẹ̀kọ́, Fágúnwà nìkan ni a mọ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé Thomas. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń pe ti Thomas ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Akéde Èkó sì lò ju ogún ọdún lọ. Thomas tún kọ ìtàn ìgbésí ayé Herbert Macaulay, ẹni tó kú ní 1946. Ní 2012, Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dénú, tún Ṣẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi mú ọkùnrin yìí wá síwájú yín ni pé bébà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, bébà sì ń jẹrà. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan tọ́jú Akéde Èkó, a ò bá má mọ̀ pé Ṣẹ̀gilọlá fìgbà kan gba Èkó kan. Ilé ẹ̀kọ́ tiwa ńkọ́? Wọ́n ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa tí a bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, síbẹ̀ a fi Yorùbá kọ ìtàn alápá púpọ̀ sínú ìwé ògiri wa, a sì ń ti ara wa láti kà á. Ibo ló wà? Ẹ̀yin tí ẹ ní àlòkù ìwé, fọ́tò, tàbí ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá sí àpéjọ. Ẹ má jẹ́ kí ikán kà á tán kí ọmọ wa tó kà á.

Ó dàbọ̀ o, ojú á tún ríra.