Oswald Jacoby: Atakáàdì tó mọ bó ṣe yẹ ká dá ẹnìkejì wa lóhùn

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ìtàn atakáàdì kan la mú wá, Oswald Jacoby, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ti kú láti ọdún 1984, àmọ́ àwọn tó ń ta bridge káàkiri ayé ṣì ń dárúkọ rẹ̀.

Bridge ò dà bíi wọ́ọ̀tì tí kálukú ń ta fún ara ẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, méjì kojú méjì, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó ju káàdì sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe ìpè: ìgbà mélòó ni wọ́n máa jẹ, irú káàdì wo ló sì máa jọba, spade, heart, diamond àbí club? Ẹni tó bá pe no-trump ní kí èyíkéyìí má jọba. Ẹgbẹ́ tí ìpè bá já mọ́ lọ́wọ́, ẹnì kan á ta á, ẹnìkejì rẹ̀ á ṣí káàdì tirẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo ayé rí i. Ìpè yìí lèèyàn lè fi bá ẹnìkejì ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Brooklyn, nílùú New York, ni wọ́n bí Jacoby sí lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 1902. Ọmọ ọdún 15 péré ni nígbà tó purọ́ ọjọ́ orí kó lè wọṣẹ́ ológun nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Orí ẹ̀ pé nínú ìṣirò. Nígbà tó pé ọdún 21, ó ti yege nínú ìdánwò àwọn tó ń ṣírò ewu fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò.

Lọ́dún 1931, ìjà ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ely Culbertson àti Sidney Lenz lórí ọ̀nà ìpè tó dáa jù. Wọ́n ní káwọn yanjú ẹ̀ nídìí káàdì, ìwé ìròyìn sì ń gbé e lójoojúmọ́. Lenz mú Jacoby ṣe ẹnìkejì. Ẹ gbọ́ ná, káàdì ò ṣàìdáa, àwọn méjèèjì ni ò gbọ́ ara wọn yé. Lenz bá a wí lójú gbogbo èèyàn, Jacoby sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí ìdíje tó parí. Culbertson ló jáwé olúborí, pẹ̀lú àmì 8,980 lé.

Kò jókòó sunkún. Òun àtàwọn kan dá ẹgbẹ́ Four Aces sílẹ̀, wọ́n sì na àwọn ará Faransé ní Madison Square Garden lọ́dún 1935. Nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ sí Pearl Harbor lọ́dún 1941, àárín ìdíje ló wà tó fi dìde, tó lọ wọṣẹ́ ológun ojú omi.

Ọdún 1956 ló kọ ohun tó sọ orúkọ ẹ̀ di àìkú. Olle Willner ti kọ irú ẹ̀ ní Sweden ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ Jacoby ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí ẹnìkejì bá fi no-trump ṣí ìpè ló kọ ọ́ fún, ọ̀pọ̀ sì ń lò ó báyìí nígbà tó bá pè é lé ìpè alátakò.

Ẹ jẹ́ ká ní alátakò pe club kan, ẹnìkejì yín wá pe no-trump kan lé e. Ó ń sọ pé òun ní bíi àmì 15 sí 18 nínú 40 tó wà nílẹ̀, pé káàdì òun pín dọ́gba, àti pé òun ní ohun tí òun máa fi dí club wọn lọ́nà. Ẹ wá wo ọwọ́ tiyín: spade márùn-ún, agbára ò sí. Tẹ́ ẹ bá pe spade méjì, ẹ̀yin lẹ máa ta á, ẹnìkejì yín á sì ṣí gbogbo káàdì ńlá ẹ̀ síta.

Jacoby ní ẹ pe heart méjì, kó mọ̀ pé spade lẹ ní, kóun fúnra ẹ̀ wá pe spade méjì. Tó bá jẹ́ heart lẹ ní, ẹ pe diamond méjì. Ọwọ́ tó lágbára á wà ní bòńkẹ́lẹ́, òun náà ló sì máa ju káàdì kẹ́yìn nígbà àkọ́kọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Tí ẹ ò bá tíì jọ fẹnu kò, ẹnìkejì yín á rò pé heart lẹ ní lóòótọ́, á dákẹ́, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ bi í kí wọ́n tó pín káàdì.

Jacoby di balógun ẹgbẹ́ tó gba ife àgbáyé lọ́dún 1970 àti 1971, James ọmọ ẹ̀ sì wà lára wọn. Ní 1983, lẹ́ni 80 ọdún, tí àìsàn jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ lára, òun àtàwọn ẹnìkejì ẹ̀ tún gba ife Reisinger, ọ̀kan lára ife tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú sílùú Dallas.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ẹni tí ẹnìkejì ẹ̀ bá wí nígbà èwe ló wá kọ́ ayé bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń di odindi láàárín èèyàn méjì.