Ìtàn Ayé Ẹkúndayọ̀ Phillips, Olórí Àwọn Akọrin Kàtídírà Èkó

Kò sí ọ̀kan nínú wa tí a kò ní béèrè orin lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ tí a rán an lọ. Ìbáà ṣe Ìkọ̀lé, ìbáà ṣe Ọyẹ́ tàbí Ìdó, àwọn ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ó bá jẹ́ tíṣà ni yóò kọ́ ọmọ wọn ní orin, òun náà ni yóò sì dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi ọdún 48 ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìjọ kan ṣoṣo, tí ó sì ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ó ń ṣe.

Ní ọdún 1884 ni a bí Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ó ka ìwé ní Grammar School ti àwọn C.M.S. ní Èkó. Ìbátan rẹ̀ kan tí í ṣe àlùfáà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùrù títẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tètè mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi í ṣe atẹdùrù ní ìjọ Páúlù Mímọ́ ní Breadfruit nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18. Ọdún 9 ni ó lò níbẹ̀. Ní 1911 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ó sì wọ Trinity College of Music, níbi tí ó ti kọ́ dùrù, pianó àti fáólìnì. Ó padà dé ní 1914, a sì fi í ṣe atẹdùrù àti olórí orin ní Christ Church ní Marina, èyí tí ó di Kàtídírà Èkó.

Ẹgbẹ́ akọrin tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní 1895 ni a ti dá a sílẹ̀ lábẹ́ Robert Coker. Àwọn ọmọdékùnrin ni ń gbé ohùn òkè, àwọn àgbà ọkùnrin ni ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn kàtídírà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ Handel àti ti Mendelssohn wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Ní 1932 a gbé dùrù ńlá onífèrè tuntun sí Kàtídírà náà, Phillips sì ni ó ṣe akitiyan lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti kọrin ní ọmọdé, kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ fún orin dùrù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kú ní 1976, ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ irú olùkọ́ tí ènìyàn jẹ́, àwọn ọmọ tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí dùrù ni a ṣe mú ìwé yìí kọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì mú ìgbàgbọ́ wá, wọ́n yí ọ̀rọ̀ orin ìyìn padà sí èdè wa, ṣùgbọ́n ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi í kọ. Èdè wa kò sì gba èyí láìsí ìpalára. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi dò re mí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn dán an wò. Ọ̀run jẹ́ dò re, ọrùn jẹ́ re dò. Bí ohùn orin bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó gòkè, ilé Ọlọ́run tí a ń kọrin sí ti di ọrùn ènìyàn. Ẹni tí ó mú ìwé orin lọ́wọ́ lè rí ohun tí a kọ síbẹ̀; ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, tí ó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ náà ni ó gbọ́. Ìṣòro mìíràn tún wà. Ohùn orin tí ó bá ẹsẹ kìíní mu lè ba ẹsẹ kejì jẹ́ pátápátá, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú wọn kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀ bákan náà.

Phillips kò gbà pé kí a máa fara da èyí. Ó ní ọ̀rọ̀ ni kí ó máa ṣíwájú, kí ohùn orin máa tẹ̀lé e. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ó ti ṣe orin fún ìsìn ní èdè Yorùbá, títí kan ọ̀rọ̀ àlùfáà àti ìdáhùn ìjọ. Ó mú orin ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì sọ ọ́ di orin dùrù. Ní 1953 ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní Johannesburg, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ti so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó yà wá lẹ́nu pé ọkùnrin tí ó ń kọ́ ọmọ Èkó ní orin Handel náà ni ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ibì kan wà tí a kò fi ní bá a lọ tán. Ó kọ́ni pé orí ohùn márùn-ún ni orin Yorùbá dúró lé. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, níbi tí elégbè ti ń gbé ohùn kan náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì ni elégbè sábà máa ń gbé, ọ̀kan lókè, èkejì lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, tí wọn yóò jọ máa gòkè, tí wọn yóò sì jọ máa sọ̀kalẹ̀. Ohùn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ a sì máa ju márùn-ún lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orin àpíìrì rí mọ ohun tí a ń wí. Ẹ̀kọ́ orin Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ gòkè nígbà tí ti òkè bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí a bá ṣe èyí sí ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ohùn òkè tilẹ̀ pe ọ̀run bí ó ti tọ́, ọrùn ni ohùn ìsàlẹ̀ yóò pè. Ní ti àwọn ará ilé wa, nítorí pé ohùn méjèèjì jọ ń rìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnu méjèèjì ń sọ. Ó dà bí ẹni pé àwọn ìyá wa ti mú òfin Phillips ṣẹ kí ó tó kọ ọ́ sí ìwé, wọ́n sì mú un ṣẹ ní ohùn méjì.

Ní 1962 ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kàtídírà. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú orin dá a lọ́lá ní 1964, ó sì kú ní 1969. Ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó jókòó sí ìdí dùrù náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1992, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọdún 78 ni baba àti ọmọ fi darí àwọn akọrin náà.