Samuel Insull: Ẹni tí ó mú iná mànàmáná dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé owó àjọdá ni a fi ń tún ìlú ṣe, ó yẹ kí a mọ ìtàn ọkùnrin yìí. Ọ̀nà tí ó là ni àwọn tí ń ta iná mànàmáná ń tọ̀ títí di òní. Kòtò tí ó jìn sí pẹ̀lú tó fi kọ́gbọ́n.

Ní 1859 ni a bí Insull ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í ṣe ilé olówó. Ní 1881 ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ó di akọ̀wé Thomas Edison. Ní 1892, ó fi iṣẹ́ tí ń mú 36,000 dọ́là wá fún un lọ́dún sílẹ̀, ó lọ gba 12,000 níbi ilé-iṣẹ́ iná kékeré kan ní Chicago.

Ní àkókò náà, afẹ́ olówó ni iná mànàmáná. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn. Insull wòye pé ẹ̀rọ tí ó dúró láìṣiṣẹ́ kò yé jẹ owó. Nítorí náà ó wá oníbàárà fún gbogbo wákàtí: ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án, ọkọ̀ ìgboro láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ilé gbígbé lálẹ́. Ní 1903 ó gbé ẹ̀rọ olóoru ńlá tí agbára rẹ̀ tó 5,000 kílówáàtì kalẹ̀ ní Fisk Street. Bí oníbàárà ti ń pọ̀ sí i ni owó iná ń rẹlẹ̀. Láti 1910, ó na wáyà dé àwọn ìlú kéékèèké àti oko ní Lake County, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ti ní iná rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé-iṣẹ́ lé orí ilé-iṣẹ́, ti iná àti ti gáàsì, owó yíyá ni ó sì fi gbé wọn ró. Ó ta ìpín fún akọ̀wé, opó àti oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní 1929, gbèsè náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1932 gbogbo rẹ̀ wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù owó tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Insull sá lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì. Wọ́n mú un padà ní 1934, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ní 1935 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti kó irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níjàánu. Ní 1938 ó kú lójijì ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris.

Síbẹ̀ iná Chicago kò kú. Ẹ̀rọ àti wáyà tí ó fi lélẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìwé owó ni ó fọ́. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fara wé ìtara rẹ̀ lórí iṣẹ́, kí ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ wa sì máa wà ní gbangba, kí opó tí ó dá ṣílè kan lè mọ ibi tí ó wọlé sí.