Àìná Ọnàbólú: Bàbá Tó Mú Àwòrán Wọ Kíláàsì

Lóṣù yìí, ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ká rántí bàbá kan tí kì í ṣe ọmọ Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n tí ìtàn rẹ̀ kan àwọn ọmọ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Àìná Ọnàbólú lọ́dún 1882. Kò rí olùkọ́ tó máa kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà títí tọ́wọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ó di akọ̀wé ìjọba l'Ékòó, síbẹ̀ kò jù ú sílẹ̀. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọnàbólú ò bá wọn jiyàn, ọwọ́ ló fi dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó lọ kàwé sí i ní St John's Wood School of Art ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà dé ní 1922.

Ibi tó wù mí jù nìyí: kò jókòó ti àwòrán àwọn olówó nìkan. Ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Mr Perspective. Nígbà tíṣẹ́ ju agbára ẹnì kan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ kún un. Bí Kenneth Murray ṣe dé ní 1927 nìyẹn. Murray fẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ọnàbólú fẹ́ kó mọ ìlànà òyìnbó. Èrò wọn ò papọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ jèrè àwọn méjèèjì. Ben Enwonwu wà lára àwọn tí Murray kọ́. Bàbá papòdà ní 1963.

Àwa ńkọ́? Ìsẹ́yìn ń hun aṣọ òkè, síbẹ̀ iléèwé tí ò ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wà láàrin wa. Ọmọ tí ìwé ò tíì yé lè fi ọwọ́ hàn wá pé òun gbọ́n. Bó ṣe ń ka fọ́nrán òwú, ìṣirò ló ń ṣe yẹn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Tẹ́ ẹ bá mọ ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ tàbí ayàwòrán tó lè fún iléèwé kan ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókèèrè, pépà àti kíréyọ̀n ò wọ́n jù.

Òkè-Ògùn á máa gòkè sí i o. Àṣẹ.