Suzanne Valadon: ẹni tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ tó di ayàwòrán

Ìtàn obìnrin ayàwòrán kan la mú wá fún yín lónìí: Suzanne Valadon.

Ọdún 1865 ni wọ́n bí i ní Bessines-sur-Gartempe, ní ilẹ̀ Faransé. Marie-Clémentine ni wọ́n sọ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tálákà ni ìyá rẹ̀, òun ló sì gbé e lọ sí Montmartre ní Paris. Ọmọ náà bá àwọn eléré tí ń takìtì ṣiṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ kan ló já bọ́ láti òkè, eré bá parí.

Kí ló wá kù tó lè ṣe? Ó di ẹni tí ń dúró fún àwọn ayàwòrán kí wọ́n lè ya ara rẹ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni o! Èèyàn á bọ́ aṣọ, á dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, òtútù ń mú un, kò sì gbọ́dọ̀ mira. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ara èèyàn yà, àfi kó wo èèyàn gidi, kó rí bí eegun ṣe ń gbé ẹran ara dúró. Puvis de Chavannes yà á, Renoir yà á, Toulouse-Lautrec náà yà á. Lautrec yìí ló pè é ní Suzanne.

Nígbà yẹn, École des Beaux-Arts kì í gba obìnrin; ó di ọdún 1897 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni sì rèé, owó ni. Valadon kò lówó. Ojú ló fi kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń wo ọwọ́ wọn. Lọ́dún 1883 tí Renoir fi í ya Danse à la ville, ọdún yẹn gan-an ló ya ara rẹ̀, tó sì bí ọmọkùnrin rẹ̀, Maurice Utrillo, tí òun náà padà di ayàwòrán.

Nígbà tí Degas rí àwọn àwòrán rẹ̀, ó rà lára wọn, ó sì kì í láyà. Lọ́dún 1894, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta ní Société Nationale des Beaux-Arts.

Ẹni tó ti dúró rí mọ bó ṣe ń rí. Valadon kì í pọ́n èèyàn ju bó ṣe wà lọ: ikùn tó rọ̀, ẹ̀yìn tó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń yà. Lọ́dún 1909, ó ya Adam et Ève, òun fúnra rẹ̀ àti André Utter, tó padà fẹ́, níhòòhò. Kó tó lè gbé e síta, ó ní láti fi ewé bo ti ọkùnrin. Ti obìnrin wà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1931, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmú lásán, láìfi ọjọ́ orí pamọ́.

Ó kú lọ́dún 1938. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Paris, Danse à la ville wà ní Musée d'Orsay. Àmọ́ ẹ dé Musée de Montmartre, ní 12 rue Cortot, kí ẹ wo yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́.