Ọlá Rótìmí: Òǹkọ̀wé Eré-Oníṣe ní Ìgbà Ọ̀pọ̀ àti Ìgbà Ọ̀dá Owó

Bí a bá ń ka àwọn tí ó gbé eré-oníṣe dúró ní yunifásítì ilẹ̀ yìí, orúkọ Emmanuel Gladstone Ọláwálé Rótìmí kò ní í gbẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ti yẹ ọgbọ́n ìlò-èdè rẹ̀ wò, wọ́n sì ti fi í wé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹni tí ó ń san owó eré náà. Ìbéèrè yìí ni a óò fi tọ ipasẹ̀ ìgbésí-ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé eré ọ̀pọ̀ ènìyàn ni eré Rótìmí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ṣeé kó sórí ìtàgé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlú Sapele ni a bí i sí ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, ọdún 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ́ láti Nembe ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn eré. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ó wà nígbà tí ó kọ́kọ́ gorí ìtàgé, nínú eré tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ darí. Ó lọ sí Yunifásítì Boston ní Amẹ́ríkà ní 1959, ó gboyè ní 1963, ó sì kọjá sí Yale, níbi tí Àjọ Rockefeller ti ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí orúkọ àjọ yìí. Òun náà ni ó fi owó ran ẹ̀ka eré-oníṣe lọ́wọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Èyí ni pé kí owó epo rọ̀bì tó dé, owó àjèjì ti wà nídìí ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní tiwa.

Rótìmí padà wálé ní 1966, ó sì di olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kò sí ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dùn tó ti Ifẹ̀ yìí. Ilé Àṣà Orí Olókun ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àárín ìlú ni ilé náà wà, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni eré náà gba ẹ̀bùn kìíní nínú ìdíje ìwé ìròyìn African Arts. Kurunmi tẹ̀ lé e ní 1969, Ovonramwen Nogbaisi sì dé ní 1971. Ẹ wo irú eré tí wọ́n jẹ́! Kurunmi ń fẹ́ ọmọ ogun Ìjàyè àti ti Ìbàdàn. Ovonramwen ń fẹ́ ààfin Bìní, ìjòyè, akọrin àti òyìnbó amúnisìn. Àwọn òṣèré bíi Jimi Solanke, Kọ́lá Oyèwọ̀ àti Peter Fátómilọ́lá wà lára àwọn tí Orí Olókun fi han ayé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti darí eré akẹ́kọ̀ọ́ rí yóò mọ̀ pé oúnjẹ ìgbà ìdánrawò nìkan tó kó onílé sí gbèsè. Yunifásítì ni ó gbé ẹrù yìí, ó sì rí i gbé.

Owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín 1973 sí 1974. Orílẹ̀-èdè yìí gbàlejò FESTAC ní Èkó ní 1977, ọdún yìí kan náà ni Rótìmí kó lọ sí yunifásítì tuntun ní Port Harcourt. Ó dà bí ẹni pé owó kò ní í tán láé.

Owó tán. Ìjọba Shagari ṣe òfin ìṣúnwóná ní oṣù kẹrin 1982. Ní 1986, iye owó epo wálẹ̀ tó ìdajì, ètò SAP sì wọlé dé. Ní 1985 náírà kan ṣì lè ra dọ́là kan. Nígbà tí ó fi di 1993, nǹkan bí náírà 22 ni dọ́là kan. Iná orí ìtàgé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìwé, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Bí owó yunifásítì bá sì dín, eré-oníṣe ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ máa ń kà sí fàájì. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe ńlá ni.

Báwo ni òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ràn èrò púpọ̀ ṣe wá ṣe é? Kò dín èrò kù. Ààfin ni ó fi sílẹ̀. Inú agbo-ilé àwọn ayálégbé ni If ti wáyé ní 1979, kí ọ̀dá tó mú gidi. Hopes of the Living Dead tẹ̀ lé e ní 1985, ìtàn Ikoli Harcourt Whyte àti àwọn adẹ́tẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín 1928 sí 1932. Ìjọba amúnisìn ní owó ìtọ́jú wọn kò sí mọ́, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n kọ̀ láti túká. Oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, ẹnì kan ń túmọ̀ fún ẹnì kejì, àkísà sì ni aṣọ wọn. N kò sọ pé àìlówó ni ó bí eré yìí. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kà á láìrántí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1985, tí a ń sọ fún àwọn náà pé owó kò sí.

Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 1988, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì gba àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń gba òkè òkun lọ. Rótìmí kọ́kọ́ gbìyànjú nílé: ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀, African Cradle Theatre, sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, òun náà lọ. Macalester College ní ìpínlẹ̀ Minnesota gbà á, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ohun tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ Ifẹ̀ rí.

Ó padà sí Ifẹ̀ ní ọdún 2000. Hazel ìyàwó rẹ̀, tí ó ti fẹ́ láti 1965, kú ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Òun náà jáde láyé ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ. Eré méjì tí kò tíì tẹ̀ jáde nígbà náà, Man Talk, Woman Talk àti Tororo, Tororo, Roro, ni ó ti ń tún ṣe ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀.